Bí Ẹ Ṣe Lè Wọ Iṣẹ́ Ìwádìí Orí Pápá láti Àkúrẹ́: Ẹ Fi Oko Kòkó Bẹ̀rẹ̀

Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní FUTA, ní Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá àti ní Pólì Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀ ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí, tí èsì kì í padà wá. Wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ràn oko, pé àwọn lè fara da oòrùn àti òjò, wọ́n á so ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ kò rí ohun tó máa fi mọ̀ pé bí òun bá rán ọmọ yìí lọ sí abà kan ní Ìdànrè, nọ́ńbà tó máa mú bọ̀ á ṣeé gbára lé. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àkọsílẹ̀ kékeré kan tí ẹ fúnra yín kó jọ, tó mọ́, tí ẹlòmíì lè yẹ̀ wò, ló ń ṣílẹ̀kùn. Ìtọ́sọ́nà yìí á mú yín ṣe irú rẹ̀ láàárín àsìkò òjò kan ní oko kòkó tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, títí dé ibi tí ẹ ó ti fi wá iṣẹ́. Kòkó ni mo mú torí pé ó wà nítòsí, ó ṣeé kà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kan àwọn èèyàn wa. Bó bá jẹ́ ẹyẹ, igi gẹdú, kànga tàbí àpáta lẹ kọ́, ìlànà kan náà ni. Ohun tí ẹ máa kà nìkan ló máa yàtọ̀.

Ohun tí ẹ nílò

- Fóònù Android tó ní GPS, àti power bank. Ẹ gbé áàpù KoboCollect, tí à ń fi kọ ìdáhùn sínú fọ́ọ̀mù ìwádìí, sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún olùwádìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí.
- Ìwé àkọsílẹ̀ tí èèpo rẹ̀ le, àti pẹ́ńsùlù. Báírò á ṣàn bí òjò bá kàn án.
- Téèpù ìwọnlẹ̀ tó gùn tó mítà 30 tàbí 50, rìbọ́ọ̀nù tó hàn ketekete, àti ọ̀rá tí ẹ máa kó fóònù sí.
- Bàtà òjò, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, omi mímu, àti búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ máa fi fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà.
- Ẹnì kejì. Ẹ má ṣe dá wọ oko tàbí igbó lọ.
- Lẹ́tà ìfinihàn láti ẹ̀ka tí ẹ ti kàwé, tàbí láti ibi tí ẹ ti ń sin ìjọba.
- Owó ọkọ̀ fún gbogbo ìrìn àjò. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pa iṣẹ́ tì láàárín ọ̀nà, owó ọ̀kadà ló tán lọ́wọ́ wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún un, torí ọ̀kadà á gbówó lé e bí ọ̀nà bá di ẹrẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ yan ìbéèrè tí ẹ lè fi ojú rí ìdáhùn rẹ̀

“Ipa ojú ọjọ́ lórí àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Oǹdó” kì í ṣe ìbéèrè ẹni méjì tó ní téèpù kan. Ẹ gé e kúrú: nínú oko kòkó mẹ́rin ní abà kan, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún èso ló ń di dúdú láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá, ṣé èyí tó wà lábẹ́ ibòji tó ki sì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti gé ẹ̀ka lórí rẹ̀? Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, tí Phytophthora ń fà, fẹ́ràn ọ̀rinrin. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè náà fi bá àsìkò òjò mu. Ẹ mú oko méjì tó ní ibòji, méjì tí kò ní.

Oko mẹ́rin kò tó láti fi sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ìpínlẹ̀, ẹ má sì purọ́ pé ó tó. Ó tó láti fi hàn pé ẹ mọ iṣẹ́ náà í ṣe, ìyẹn náà lẹ sì ń wá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ sọ ìbéèrè yín fún ẹni tí kò kàwé rárá. Bó bá lè sọ padà fún yín ohun tí ẹ fẹ́ kà, níbo àti nígbà wo, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ tún un gé.

Ìpele 2: Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan oko

Bí ìpele yìí bá bàjẹ́, kò sí ohun tó máa tún un ṣe lẹ́yìn. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ADP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba ìpínlẹ̀, ní Àkúrẹ́ kọ́kọ́, torí wọ́n mọ àwọn abà, wọ́n mọ orúkọ àwọn olóyè ibẹ̀, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí kò dára láti rìn lásìkò yẹn. Ọ̀rọ̀ ààbò ọ̀nà kì í ṣe ohun tí à ń fojú kéré mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tó wà ní agbègbè náà, bí ẹni méjì bá sì ní kí ẹ má lọ, ẹ yan abà mìíràn. Bó bá jẹ́ igbó ọba ni iṣẹ́ yín, bíi ti Ọlúwà tàbí Àkúrẹ́-Ọ̀fọ̀sù, lẹ́tà àṣẹ gbọ́dọ̀ wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó igbó. Ẹni tí kò ní in, ojú agégẹdú tó ń fi òru gé igi ni wọ́n máa fi wò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kí baálẹ̀ abà. Ìrọ̀lẹ́ ló dára, torí ilẹ̀ kì í mọ́ bá wọn nílé. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ má sì mú ohun tó máa jọ owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ kí wọn tán, “Ẹ kú oko o, àroko bọ́dún dé o,” kí ẹ jókòó bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, kí ẹ sì sọ ohun mẹ́ta láìyí ẹnu padà: ohun tí ẹ fẹ́ kà, bí ẹ ó ṣe máa wá tó, àti ohun tí ẹ kò lè ṣe fún wọn.

Ohun tí ẹ kò lè ṣe yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Bí àgbẹ̀ bá rí èèyàn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ó máa ń rò pé ìjọba fẹ́ pín ajílẹ̀ tàbí owó. Bí ẹ bá dákẹ́, ó máa dá yín lóhùn bí ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn: oko á kéré, àrùn á pọ̀. Lọ́jọ́ tó bá sì rí i pé kò sí ohun tó ń bọ̀, inú á bí i, ẹni tó bá sì tún wá lẹ́yìn yín ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kedere pé ẹ̀kọ́ ni ẹ ń kọ́, pé ẹ ó padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wọn, pé ẹnikẹ́ni lè ní òun kò ṣe, kò sì ní sí ìjà.

Ẹ bá olóko kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, bí baálẹ̀ bá tiẹ̀ ti gbà. Ẹ wádìí bóyá ẹni tó wà nínú oko ló ni ín. Ọ̀pọ̀ oko kòkó wa ló jẹ́ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń bá onílẹ̀ pín in ni, oníkálukú wọn sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Bí ìwádìí yín bá kan ìlera èèyàn, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí à ń wádìí lọ́wọ́ wọn. NHREC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí ìlànà ìwádìí ìlera, ló ń ṣe òfin rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, kò sì sẹ́ni tó ń gbà á lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ pe olóko lórí fóònù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bó bá rántí ohun tí ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe, tó sì dá ọjọ́ fún yín fúnra rẹ̀, àṣẹ ti wà. Bó bá ń sọ pé “ẹ ṣì máa wá,” àṣẹ kò tíì sí.

Ìpele 3: Ẹ wọn oko, kí ẹ sì yan igi láìṣe ojúsàájú

Ẹ béèrè iye éékà oko náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi GPS rìn yí i ká. Hẹ́kítà kan jẹ́ éékà 2.47, kó má sì yà yín lẹ́nu bí nọ́ńbà méjèèjì bá jìnnà síra. Àgbẹ̀ kò purọ́, ojú ló fi wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà nínú àkọsílẹ̀. Lábẹ́ ibòji kòkó, GPS fóònù máa ń yẹ̀. Ẹ dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí tí nọ́ńbà àṣìṣe tó ń fi hàn á fi wálẹ̀ sí mítà 10 tàbí kó dín, kí ẹ tó jẹ́ kí fóònù kọ ojú ibẹ̀ sílẹ̀.

Igi ló kàn. Ibí làwọn èèyàn ti ń pàdánù iṣẹ́ tí wọn ò mọ̀: igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ń kà, torí ibẹ̀ mọ́, ibẹ̀ sì rọrùn. Oòrùn ń wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àrùn kì í pọ̀ níbẹ̀ bíi ti àárín oko. Ẹ ṣẹ́ gègé láti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ létí oko, ẹ na téèpù gba àárín kọjá, kí ẹ sì mú igi tó sún mọ́ téèpù jù ní mítà márùn-ún márùn-ún. Ìlà méjì tó ní igi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́kọ̀ọ̀kan á fún yín ní 30 igi nínú oko kan. Oko tuntun tí wọ́n gbìn ní mítà mẹ́ta sí mẹ́ta máa ń ní nǹkan bí igi 1,111 nínú hẹ́kítà kan, àmọ́ oko àtijọ́ kì í ní ìlà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lo téèpù.

Ẹ so rìbọ́ọ̀nù mọ́ igi, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Ẹ má kan ìṣó mọ́ igi olóko.

*Àyẹ̀wò:* Kí ẹnì kejì yín fi àkọsílẹ̀ nìkan wá igi kẹrìnlá ní ìlà kejì. Bó bá rí i láìpè yín, ó ti dára.

Ìpele 4: Ẹ kà á

Kí ẹ tó ka èso kan, ẹ fẹnu kò lórí ohun tó ń jẹ́ èso. Èso kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ máa ń gbẹ, á sì dúdú fúnra rẹ̀ bí igi kò bá lè bọ́ gbogbo wọn. Ìyẹn kì í ṣe àrùn tí à ń wá. Ẹni tó bá kà á mọ́ ọn, oko tó dáa jù lè jọ oko tó ti kú lójú rẹ̀. Torí náà, ẹ ka èyí tó bá gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ nìkan. Àrùn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àmì àwọ̀ ilẹ̀ kan lára èso tó ti tóbi, á máa fẹ̀ kíákíá títí á fi bo gbogbo rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun á sì hù lórí rẹ̀. Èyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí eku dá lu, ẹ ní àyè tiẹ̀ fún un lọ́tọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi, ẹ yí i ká bí ẹ ti ń gòkè. Ẹnì kan máa ń kà sókè, ẹnì kejì ń kọ, ẹni tó ń kọ á sì tún nọ́ńbà náà sọ padà kó tó tẹ̀ ẹ́. Igi tó bá ní èso 24 tí mẹ́fà nínú rẹ̀ ti dúdú, 24 àti 6 lẹ máa kọ. Ẹ má kọ “25 nínú ọgọ́rùn-ún” sínú fọ́ọ̀mù. Ilé la ti ń ṣírò. Igi tí kò ní èso kankan, ẹ kọ 0. Igi tí ẹ kò dé ìdí rẹ̀, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí. Òdo àti àyè òfìfo kì í ṣe ohun kan náà.

Nínú fọ́ọ̀mù Kobo, ẹ fi òfin sí i pé iye tó dúdú kò gbọ́dọ̀ ju gbogbo èso lọ, fóònù á sì kọ̀ bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán fọ́ọ̀mù yìí wò ní oko karùn-ún tí kò sí nínú iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá ní ìbéèrè tí ẹ máa bi àwọn àgbẹ̀, ẹ dán ìyẹn náà wò. Yorùbá tí a kọ ní kíláàsì kì í wọlé tààrà létí ará Ìdànrè tàbí Ìkálẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko sì wá láti ilẹ̀ Ebira, àwọn mìíràn láti ọ̀nà jíjìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn.

Ẹ padà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí agbára bá ká a, àbí ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Àwọn ohun mẹ́ta ló máa ń ba kíkà yìí jẹ́:

Àgbẹ̀ á ti ká èso tó bàjẹ́ kí ẹ tó dé, torí àlejò ń bọ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ kà á tán ná. Bó bá ti ká a, ẹ béèrè iye rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí àyè mìíràn. Ẹ má fi dandan mú un o. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló wà lórí igi yẹn.

Wọ́n á ti fín oògùn, ẹ kò sì ní mọ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fín in gbẹ̀yìn nígbàkúùgbà tí ẹ bá dé. Bó bá jẹ́ lánàá tàbí lóni-ín, ẹ má wọlé. Oògùn yẹn ń ṣe ara ní ibi.

Bàtà yín á gbé àrùn láti oko kan dé òmíràn nínú ẹrẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ létí oko kọ̀ọ̀kan, níṣojú olóko.

Ní ti ara yín: bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, ẹ má ṣe sín in, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà, eku ló sì ń gbé e. Ẹ má jẹ oúnjẹ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ mọ́jú. Ibà tí kò bá gbóògùn lẹ́yìn ìrìn oko, ẹ sọ fún dókítà pé oko lẹ ti ń bọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú Lassa.

*Àyẹ̀wò:* Kí ẹ̀yin méjèèjì ka igi mẹ́wàá kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìbá ara yín sọ̀rọ̀. Bí ìyàtọ̀ bá ju ẹyọ kan nínú èso mẹ́wàá lọ, ẹ dúró, ẹ tún òfin kíkà yín sọ, kí ẹ tún un kà.

Ìpele 5: Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà

Ẹ má sùn lórí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ fi ìwé wé fóònù, ẹ kọ ohun tó ṣàjèjì (òjò tó lé yín kúrò, igi tó wó), kí ẹ sì fi ẹ̀dà pamọ́ sí ibi mẹ́ta: fóònù, kọ̀ǹpútà, àti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ yí padà láéláé. Ẹ̀dà mìíràn lẹ máa tún ṣe, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ tún ṣe àti ìdí rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn kan máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á kún fọ́ọ̀mù láti orí wọn. Ó ń hàn. Nọ́ńbà àtọwọ́dá máa ń dọ́gba jù, ó máa ń parí sí 0 àti 5, aago inú fóònù á sì fi hàn pé fọ́ọ̀mù ogún wọlé láàárín wákàtí kan. Ẹni tí wọ́n bá mú nídìí rẹ̀, iṣẹ́ yìí ti parí fún un. Ibi tí ẹ kò bá dé, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò dé ibẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ pa fóònù náà. Bí ẹ bá lè rí gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn níbòmíràn, ẹ lè sùn.

Ìpele 6: Ẹ sọ ọ́ di ohun tí ẹlòmíì lè yẹ̀ wò

Ojú ewé méjì tó: ìbéèrè, bí ẹ ṣe yan igi, bí ẹ ṣe kà á, tábìlì kan, àwòrán ilẹ̀ kan, àti ohun tí iṣẹ́ náà kò lè sọ. Áàpù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ QGIS ni kí ẹ fi ya àwòrán ilẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Nínú ìlànà UTM, tó pín ayé sí ẹkùn ẹkùn fún àwòrán ilẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ní Àkúrẹ́ wà ní Zone 31N. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn ojú ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan: àwọn máàpù ìjọba àtijọ́ ń lo èyí tó ń jẹ́ Minna, GPS sì ń lo WGS84. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀ láìyí wọn padà, oko á sún kúrò ní ààyè rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà.

Ẹ yọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ àti ojú ibi tí oko wọn wà gan-an kúrò, kí ẹ tó gbé àkọsílẹ̀ náà sórí Zenodo, ibi tí à ń kó àkọsílẹ̀ ìwádìí sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà DOI tí kì í yí padà, tí ẹnikẹ́ni lè fi wá a rí. Bó bá jẹ́ ẹyẹ lẹ kà, Nigeria Bird Atlas Project ló ń gba irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí abà lọ jíṣẹ́ fún wọn bí ẹ ti ṣèlérí.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ẹni tí kò bá yín lọ sóko ní fáìlì náà. Bó bá ṣírò rẹ̀ tó sì dé ibi tí ẹ dé láìbi yín ní ìbéèrè kan, ó ti tán.

Ìpele 7: Ẹ fi wá iṣẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ fún SIWES, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ní oṣù mélòó kan láti fi ṣe é, ẹni tó sì ń sin ìjọba lè lo òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn tí ẹ máa kọ̀wé sí kò jìnnà: CRIN (ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó) ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Ìbàdàn, tó ní ibùdó ní Ọwẹnà, FRIN (ti ìwádìí igbó) àti IITA (ti ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) n'Ìbàdàn, àwọn olùkọ́ FUTA tó ń ṣe iṣẹ́ orí pápá fúnra wọn. Ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àti àjọ ètò ìkànìyàn náà máa ń gba èèyàn lásìkò ìwádìí ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹranko àti ẹyẹ lè wo APLORI, ibùdó ìwádìí ẹyẹ, ní Jos fún másításì. Rufford Foundation máa ń fúnni ní owó kékeré fún iṣẹ́ ààbò ẹ̀dá, IDEA WILD sì máa ń fúnni ní ohun èlò. Tèmi ni pé kí ẹ ti lo àsìkò òjò méjì lóko kí ẹ tó lọ ṣe másításì. Ìbéèrè tí ẹ máa gbé lọ síbẹ̀ á ti jẹ́ tiyín.

Lẹ́tà kan fún ẹnì kan. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹ kà, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe ní gbólóhùn méjì, ẹ fi ìlujá (líǹkì) tó lọ sórí àkọsílẹ̀ yín síbẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun kan pàtó: àyè láti bá ikọ̀ rẹ̀ lọ sóko lásìkò tó ń bọ̀.

Bí wọ́n bá pè yín, ẹ béèrè kí ẹ tó gbà: ta ló ń san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, ṣé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ni owó yín àbí lórí fọ́ọ̀mù, ọjọ́ wo ni wọ́n máa san án, ta ló máa san owó ìwòsàn bí ẹ bá ṣe léṣe? Ẹ gbà á ní kíkọ. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbà yín síṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Bí èsì tí ẹ gbà bá bi yín ní ìbéèrè nípa bí ẹ ṣe yan igi tàbí bí ẹ ṣe kà á, wọ́n ti ṣí fáìlì yín wò. Ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ náà.